Síláàbù Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Àwọn obìnrin tó fọ ojú títì yẹn kò fi ìkà ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ti là á mọ́lẹ̀ ná, nítorí ẹnu àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í sinmi, wọ́n sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé Apọ́ngbọ̀n pé ìyá awakọ̀ ló fi ọgbọ́n àrékérekè pa ẹ̀rí rẹ́. Irọ́ funfun báláú ni. Àsíátù, ìyá awakọ̀ náà, kò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àmì dúdú tí táyà fà sílẹ̀ lè ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ohun tó mọ̀ ni pé ọjọ́ kejì ni Jímọ̀, pé mọ́ṣáláṣí àdúgbò máa ń kún débi pé ojú títì làwọn tó bá pẹ́ dé ti ń kírun, àti pé ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan wà lórí ọ̀dà níbi tí wọ́n máa tẹ́ ẹní sí. Nàjísì ni ẹ̀jẹ̀. A kì í forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lórí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni nǹkan ṣẹlẹ̀, láàárọ̀ ìmọ́tótó ọjà, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí aago mẹ́wàá fi máa lù. Títì dá páropáro, ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ gbogbo obìnrin. Haneefah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbé pàǹtí tí Mùtíátù ìyá rẹ̀ gbá jọ sínú abọ́ ńlá kan, ó ń sọdá lọ dà á nù ní òdìkejì, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó omi inú ọ̀rá já wọ títì náà láti ọ̀nà Tinúbú. Kámọ́rù ló wà ní ìdí ọkọ̀. Kámọ́rù ọmọ Àsíátù nìyẹn, tí wọ́n bí sí agbo ilé kan náà tí wọ́n bí Haneefah sí, tó máa ń ra bísíkíìtì bọ̀ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó tẹ bíréèkì. Gbogbo àdúgbò gbọ́ bí táyà ṣe ké. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi dúró, ó ti gbá ọmọ náà pa.

Ọlọ́pàá mú Kámọ́rù lọ, wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ, kò sì sí èyí tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ilẹ̀. Wọ́n sin ọmọ náà kó tó di Àsárì. Ní ìrọ̀lẹ́, Àsíátù kó àwọn obìnrin jọ pẹ̀lú omi, ọṣẹ àti yanrìn. Ojú ló ń tì í. Ọmọ rẹ̀ ló pa ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń wá nǹkan kan, ohunkóhun, tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ẹ̀jẹ̀ náà tètè lọ. Àmì táyà ló lágídí, ìlà dúdú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àsíátù ní rárá, aṣọ funfun làwọn èèyàn ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, dúdú náà á rá mọ́ wọn lára. Ó lọ gbé kẹrosíìnì wá láti ilé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí awọ ìka rẹ̀ fi bó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kírun sórí rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọlọ́pàá méjì dé pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Oṣù mẹ́fà kọjá, Kámọ́rù ṣì wà ní àtìmọ́lé. Lọ́yà Ọláyẹmí, obìnrin kúkurú kan tó ní ọ́fíìsì ní Igbosere, lórí ilé ìtẹ̀wé, ló ń bá wọn ro ẹjọ́ náà. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ọlọ́pàá ní ọmọ yín sáré àsápajúdé. Wọ́n ní witness kan tó sọ pé ṣe ló ń fò bọ̀. Kámọ́rù ní ogójì lòun wà, forty. Ọ̀rọ̀ ẹnu sí ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, adájọ́ sì lè gba èyí tó bá wù ú. Ká ní àmì táyà yẹn ṣì wà nílẹ̀ ni, a ò bá wọ̀n ọ́n, kí ẹnjiníà ṣírò ẹ̀, case closed. Ọkọ̀ ò mọ irọ́ pa."

"Tó bá jẹ́ ogójì lóòótọ́, báwo ló ṣe máa gùn tó?"

"Ẹnjiníà Ashraf tó máa ń bá mi ṣe irú iṣẹ́ yìí ní bíi mítà mẹ́sàn-án."

"Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n á fi í sílẹ̀?"

"Wọ́n á fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, Màmá."

Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó wọ Àsíátù léegun. Ẹní ìkírun àti kẹ́tùrù àlùwàlá ló ń tà, ó sì ti ju ogún ọdún lọ tó ti ń wá bí àwọn èèyàn ṣe máa kírun ní mímọ́. Ìmọ́tótó yẹn náà ló wá ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé. Kò tún sí oorun tó dùn lójú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá lọ wo Kámọ́rù, ọmọ náà á di irin wíńdò mú, á ní, "Màmá, ogójì ni. Mo tẹ bíréèkì, ó kàn já lù mí ni." Àsíátù gbà á gbọ́. Ta ló yẹ kó gbà á gbọ́ bí kì í bá ṣe òun?

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bóyá ẹnì kan ya fọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ni, ọkùnrin kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ya ọ̀kan láti ojú wíńdò, ó sì fi sórí WhatsApp àdúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà bú u, wọ́n ní kò dáa kéèyàn máa gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ káàkiri nínú fóònù, gbogbo wọn sì pa á rẹ́, ọkùnrin náà pẹ̀lú. Ojúlé méjìdínlógún ni Àsíátù wọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un, wọ́n tún ń retí kó yìn wọ́n. Ìwà ọmọlúàbí pọ̀ ní àdúgbò náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó ọkùnrin tó ya fọ́tò náà ló wá sọ fún un níkẹyìn pé ó ṣẹ́ ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì pa tirẹ̀ rẹ́, ìyẹn Mùtíátù.

Àsíátù àti Mùtíátù ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń lọ ilé kéwú. Lọ́jọ́ fídáù, Mùtíátù ló dìde láàárín èrò, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá Kámọ́rù jà nítorí òun. Ó ní ọmọ náà sọ pé òun rọra ń bọ̀ ni, òun sì gbà á gbọ́, àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni. Àwọn èèyàn sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Àsíátù kò ti lè wo ojú rẹ̀ tààrà.

Ó bá a nínú yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Kò mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ló bá sọ ọ́ gbàgà.

"Ìyá Haneefah, wọ́n ní fọ́tò yẹn wà lọ́wọ́ ẹ."

"Mi ò lè pa á rẹ́," ó ní. "Òun ló gbẹ̀yìn tí mo ní. Ìborùn mi ni wọ́n fi bò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún nìkan ló yọ síta. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ yẹn kí n tó sùn. Wọ́n á ní mo ti ya wèrè."

"Lọ́yà ní ó lè yọ Kámọ́rù. Ó ní àmì táyà tó wà níbẹ̀ á jẹ́rìí sí i pé kò sáré."

Mùtíátù gbé fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó sì nà án sí i. "Mi ò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ kó máa kiri mọ́. Gbé fóònù náà lọ fúnra ẹ, má sì jẹ́ kí wọ́n dà á kọ. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ Haneefah ló máa yọ ọmọ ẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á tiẹ̀ padà wálé nínú àwọn méjèèjì."

Àsíátù kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sunkún ọpẹ́.

Lówùrọ̀ ọjọ́ Sunday, Ẹnjiníà Ashraf wá sí àdúgbò. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì, ó sì ní sùúrù ẹni tó ti ṣàlàyé ohun kan náà fún ẹgbẹ̀rún olórí kunkun. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ló ń wò, kò wo ìborùn, Àsíátù sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Gọ́tà gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá, síláàbù kọnkéré ni wọ́n sì fi bò ó, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ashraf fa téèpù yọ, ó wọn ọ̀kan.

"Mítà kan géérégé ni síláàbù kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Ó ti yá. Tí mo bá ti mọ síláàbù tí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀, tí mo sì mọ èyí tó parí sí, mo ti wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ ò fi kẹrosíìnì fọ síláàbù, àbí?"

Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, Àsíátù sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀. Ashraf bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ibi tí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú fọ́tò, fóònù lọ́wọ́, ó ń ka síláàbù, Àsíátù ń tẹ̀ lé e, òun náà ń kà. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹsàn-án, Àsíátù dúró, nítorí ibẹ̀ ló ní láti parí sí. Ashraf kò dúró. Ó dé méjìlá, ó dé mẹ́rìndínlógún. Àsíátù pariwo tẹ̀ lé e pé bóyá ó ti ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní rárá, Màmá. Ìgbà tó ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló tó dúró.

Ó tẹ nǹkan sórí fóònù tirẹ̀, ó tún un tẹ̀. "Àádọ́rin ni," ó ní. "Seventy."

"Ọkọ̀ náà kó ẹrù o," Àsíátù yára sọ. "Omi ló kún inú ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá wúwo kì í tètè dúró."

"Òótọ́ ni pé ẹrù máa ń ti ọkọ̀ síwájú, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn náà ló ń tẹ táyà mọ́lẹ̀, tí táyà á fi di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Èyí á pa ìyẹn. Tí táyà ò bá ti yí mọ́, tó kàn ń wọ́ nílẹ̀, ọkọ̀ òfìfo àtọkọ̀ ẹlẹ́rù, ibì kan náà ni wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí."

"Bóyá ilẹ̀ tutù. Àwọn obìnrin ń fọ ilẹ̀ láàárọ̀ yẹn."

Ashraf na fóònù sí i. Eruku ló wà nínú fọ́tò náà. Kò sí omi.

"Bíréèkì ẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ ọ̀gá ẹ̀ ni, ọ̀gá yẹn kì í tọ́jú nǹkan."

"Bíréèkì tí ò dáa kì í fa irú ìlà yìí. Bíréèkì ẹ̀ mú dáadáa. Eré ló pọ̀ ju ohun tí bíréèkì lè ṣe lọ."

"Láti ogójì dé àádọ́rin, mélòó náà ni?" Àsíátù tún bi í. "Ṣé ìyẹn náà ló wá sọ mẹ́sàn-án di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

"Ibẹ̀ ni gbogbo awakọ̀ ti máa ń ṣì í. Tẹ́ ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ máa jẹ kó tó dúró kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa ń dà. Mẹ́sàn-án ni fún ogójì. Fún ọgọ́rin, mẹ́rìndínlógójì ni. Mi ò tíì ka ti ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹsẹ̀ máa fi rìn dórí bíréèkì. Ní àádọ́rin, ìyẹn nìkan tó mítà mọ́kàndínlógún kí táyà tó ké rárá."

Àsíátù gba fóònù náà, ó sì wá ohun tí kò yẹ kó wá. Ó rí ibi tí pàǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ nínú fọ́tò, níbi tí ọkọ̀ ti gbá ọmọ náà. Ó ka síláàbù ibẹ̀. Ìkọkàndínlógún ni. Ashraf rí ohun tó ń ṣe, ó fẹ́ gba fóònù padà, kò fún un. Ó padà sẹ́yìn lọ síbi tí òun ti dúró lẹ́ẹ̀kan, ní síláàbù kẹsàn-án.

"Ká ní ogójì ló wà, ṣé ibí ló máa dúró sí?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màmá."

"Mo ní ṣé ibí ni?"

"Ibẹ̀ ni. Ó máa ku mítà mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Mítà mẹ́wàá. Kámọ́rù ì bá yọ orí jáde ní wíńdò, ì bá bú ọmọ náà, Haneefah ì bá yọ ahọ́n sí i, kó sì sá lọ da pàǹtí rẹ̀ nù. Àsíátù jókòó sórí gọ́tà. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun fi kẹrosíìnì fọ ilẹ̀ náà kí ọlọ́pàá tó dé, ó sì kórìíra ara rẹ̀ nítorí ọpẹ́ yẹn.

Ashraf ti ròyìn fún Lọ́yà Ọláyẹmí, kò sì fi àkókò ṣòfò nígbà tó pe Àsíátù. "Ashraf ò ní wá sí kóòtù," ó ní. "Èmi ò rí fọ́tò kankan. Fóònù ta ni?"

"Ti ìyá ọmọ náà."

Lọ́yà mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti pè é láti wá jẹ́rìí ní Tuesday. Tó bá mú fọ́tò yẹn dání wá, Màmá, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ o. Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bá ara yín sọ ọ́."

Mùtíátù ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ṣé bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí?"

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Irọ́ wà lẹ́nu Àsíátù, ó sì tà á. "Bó ṣe sọ ọ́ náà ni."

"Àlùhámúdúlílàhì!" Mùtíátù gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó yá, mo máa gbé fóònù náà lọ sí kóòtù fúnra mi ní Tuesday. Màá fi han adájọ́. Tí ìyá òkú bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ta ló tún kù tó máa jiyàn?"

Àsíátù di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Má gbé e lọ," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Àádọ́rin ló sá, Ìyá Haneefah. Kì í ṣe ogójì."

Mùtíátù wò ó bíi pé èdè mìíràn ló ń sọ. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, Àsíátù sì tẹ̀ lé e.

"Ká ní ogójì ni ńkọ́?"

"Ì bá ti dúró."

"Ó máa ku mélòó kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?"

"Mítà mẹ́wàá."

Mùtíátù wo yàrá rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Kò tó mítà mẹ́rin. "Èmi ni mo dìde lọ́jọ́ fídáù," ó ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má bá a jà." Kò pariwo, kò sì sunkún. "Kí lo wá ń fẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí?"

Àsíátù mọ ohun tó ń fẹ́, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ." Mùtíátù nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á. "Ọwọ́ mi ò ní pa á rẹ́. Tí tìẹ bá lè ṣe é, ṣe é níbí, lójú mi." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Rárá, kì í ṣe lójú mi." Ó yí ara padà, ó kọjú sí ògiri.

Àsíátù ṣí fọ́tò náà. Ó rí ìborùn, ó rí ẹsẹ̀ kékeré tó yọ síta. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ìyá Haneefah." Mùtíátù kò yíjú padà.

Ní Tuesday, ìyá òkú kò wá sí kóòtù. Ìgbà méjì ni adájọ́ tún sún ẹjọ́ náà síwájú, ìgbà kẹta ló ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo kò tó, àwọn ọlọ́pàá kò ní ẹ̀rí tó dúró, kí Kámọ́rù máa lọ sílé ní àlàáfíà. Nígbà náà, Mùtíátù ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò ní ìbànújẹ́ ló lé e lọ. Wọ́n wá bá Àsíátù yọ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ò gbàgbé rẹ̀. Ó ń ṣe àmín.

Kámọ́rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Nígbà tí àwọn àlejò túká, Àsíátù gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń wo bó ṣe ń jẹun kíákíá bí ẹni tí wọ́n máa gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kámọ́rù."

"Màmá."

"Ó ti parí báyìí. Kò sẹ́ni tó lè fi ṣe ohunkóhun fún ẹ mọ́. Èmi àtìẹ nìkan la wà níbí. Eré mélòó lo sá lọ́jọ́ náà?"

Kámọ́rù gbé òkèlè sílẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ tààrà, ojú rẹ̀ ò sì mì.

"Ogójì, Màmá," ó ní. "Wàláì, ogójì ni."

Àsíátù ní kó máa jẹun, ẹ̀bà ti ń tutù.